Sàráà Ló Ṣáájú Àsè: Ìtàn Ọdún Wa Láti Mọ̀dínà Dé Ilẹ̀ Yorùbá



Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, ìbéèrè méjì ni ó máa ń gba ẹnu wa kan: èló ni wọ́n ń ta àgbò, aṣọ wo ni a sì máa rán? Ìbéèrè kẹta wà tí a kì í sábà gbọ́: ta ni kò ní í rí ẹran jẹ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ náà? Nítorí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, baálé ilé ń yá owó tí yóò fi oṣù mẹ́fà san. Ìyàwó ilé ń kó aṣọ láwìn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lágbára ń sá pamọ́ sínú yàrá títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ti yídì dé. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, tí gbogbo nǹkan sì gbówó lórí, ìnira yìí ti di ìlọ́po.

Àwọn kan a máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni ọdún rí, pé ẹni tí kò bá náwó lọ́jọ́ ọdún kò mọ iyì ọdún. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìtàn ni a fẹ́ gbé kalẹ̀, kí a jọ wo bí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọdún yìí ti ṣe é: kí ni wọ́n fi ṣáájú, kí ni wọ́n sì fi kẹ́yìn?

Ọjọ́ méjì tí a fi rọ́pò ọjọ́ méjì

Ní ọdún 622, Ànábì wa kúrò ní Mẹ́kà, ó ṣí lọ sí Mọ̀dínà. Anas ọmọ Malik, ẹni tí ó sin Ànábì láti kékeré, ròyìn pé nígbà tí Ànábì dé ìlú náà, ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ní ọjọ́ méjì lọ́dún tí wọ́n fi ń ṣeré láti ayé àìmọ̀kan. Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ti fi ọjọ́ méjì tí ó dára ju ìyẹn lọ rọ́pò rẹ̀ fún wọn: ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ọjọ́ Iléyá. Kò gba ayọ̀ lọ́wọ́ wọn, ayọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni ó fi rọ́pò eré lásán.

Ọdún kejì Hijira ni ààwẹ̀ Rámádáànì di ọ̀ranyàn. Nínú oṣù náà gan-an, ní ọdún 624, ni wọ́n ja ogun Bádírì. Ẹ jẹ́ kí a wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n túnu ààwẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn Múhájírúnà ti fi ilé, oko àti ọjà wọn sílẹ̀ ní Mẹ́kà. Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí Ànábì, lábẹ́ ibòji tí wọ́n ń pè ní Súfà, ni àwọn tí kò ní ilé tàbí ẹbí ń sùn, ọwọ́ àwọn ará ìlú ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó jẹun. Bí ọdún bá jẹ́ ti ẹni tí ó ní nǹkan nìkan, ìlàjì ìlú náà ni ì bá má rí ọdún ṣe.

Ọdún yẹn kan náà ni a pàṣẹ Sàkátùl-Fitiri. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀: sáà kan oúnjẹ, ìyẹn múdù mẹ́rin, tí múdù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àkúnwọ́ ọwọ́ méjèèjì àgbàlagbà tí ó pa wọ́n pọ̀. Nínú òṣùwọ̀n òní, nǹkan bí kílò méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ni. Ohun tí wọ́n ń jẹ nílé ni wọ́n fi ń yọ ọ́: dàbínù, ọkà báálì, èso àjàrà gbígbẹ, tàbí wàrà gbígbẹ. Àwọn oníṣòwò ọkà ní ọjà wa ṣì ń fi igbá tí à ń pè ní múdù wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà dòní olónìí. Òótọ́ ni pé igbá ọjà wa tóbi ju ti Mọ̀dínà lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti inú èdè Lárúbáwá wá, nípasẹ̀ àwọn Hausa. Òṣùwọ̀n ìtọrẹ ni ó di òṣùwọ̀n ìṣòwò lọ́wọ́ wa.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ wa kíyè sí nínú àṣẹ yìí. Èkíní, ó kan gbogbo ènìyàn: ọmọlúwàbí àti ẹrú, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọ ọwọ́. Bàbá ni yóò yọ ti ọmọ tí kò tíì lè rìn. Èkejì, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ń yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀, tí àwọn onímọ̀ Malik tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí wà lára wọn, sọ pé ẹni tí oúnjẹ ọjọ́ kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò yọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń gbà lónìí lè jẹ́ ẹni tí ó ń fúnni pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ojú yóò tì. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ pàtàkì jù, ni àkókò rẹ̀. Ànábì pàṣẹ pé kí a ti fi lé tálákà lọ́wọ́ kí àwọn ènìyàn tó jáde lọ kírun yídì. Abdullah ọmọ Abbas ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá yọ ọ́ lẹ́yìn ìrun ti pàdánù sàká náà, ó di sàráà lásán bí àwọn sàráà mìíràn.

Ẹ wo ètò náà dáadáa. Sàká ni ó kọ́kọ́ ṣáájú, ìrun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àsè. Ìkòkò ọlọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ìkòkò aláìní tó rí nǹkan wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn obìnrin bọ́ yẹtí wọn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọdún àwọn ará Mọ̀dínà gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn. Aishah, ìyàwó Ànábì, ròyìn pé àwọn ọmọbìnrin méjì ń lu ìlù tí wọ́n sì ń kọrin ní yàrá òun lọ́jọ́ ọdún. Abubakar, bàbá rẹ̀, fẹ́ bá wọn wí, Ànábì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ọdún wọn ni. Àwọn ará Hábáṣà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìtìópíà lónìí, fi ọ̀kọ̀ àti apata ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí, Ànábì sì jẹ́ kí Aishah dúró lẹ́yìn òun kí ó máa wò wọ́n títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí a kì í sọ tó bí ó ti yẹ. Lọ́jọ́ ọdún kan, lẹ́yìn tí Ànábì ti kírun tí ó sì ti ṣe kùtúbà, ó rí i pé ohùn òun kò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin dáadáa. Ó rìn lọ bá wọn, Bilal sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣe wáàsí fún wọn, ó sì rọ̀ wọ́n láti ṣe sàráà. Bilal tẹ́ aṣọ rẹ̀. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ yẹtí wọn àti òrùka wọn, wọ́n ń jù wọ́n sínú aṣọ náà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ ro èyí wò. Ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ tí obìnrin ń wọ ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ tí ó dára jù. Ọjọ́ yẹn gan-an, ní ojú yídì, kí wọ́n tó délé tí ẹnikẹ́ni yóò fi yìn wọ́n pé wọ́n múra, ni wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ohun ìní wọn ni, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ọdún tí ebi wọ ìlú

Ní Iléyá ọdún kan, ìyàn mú àwọn ará oko. Àwọn ìdílé tí wọ́n ń gbé nínú aṣálẹ̀ wọ́ wá sí Mọ̀dínà lásìkò tí wọ́n ń pa ẹran láyà, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò jẹ. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ẹran láyà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí wọ́n fi èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ṣe sàráà. Nígbà náà, àwọn ènìyàn a máa sá ẹran gbẹ, wọ́n a máa yọ́ ọ̀rá rẹ̀ pamọ́, wọ́n a sì máa fi awọ rẹ̀ ṣe àpò omi. Ìtọ́jú gidi ni gbogbo èyí jẹ́ fún ilé, kì í ṣe ìfiṣòfò. Síbẹ̀, nítorí àlejò tí ebi ń pa, a ní kí wọ́n dá a dúró.

Nígbà tí ọdún mìíràn dé, àwọn sàhábé béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yóò tún ṣe. Ànábì ṣàlàyé pé nítorí àwọn aláìní tí wọ́n wọ̀lú ni òun fi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, pé ìnira wà láàárín ìlú, òun sì fẹ́ kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Ní báyìí tí nǹkan ti rọ̀, wọ́n lè jẹ nínú rẹ̀, wọ́n lè tọ́jú nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe sàráà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí nǹkan bá rọ̀ láàárín ìlú, àyè wà láti gbádùn. Bí nǹkan bá le, ohun tí ó tọ́ lánàá lè má tọ́ mọ́ lónìí, àfi kí a dín tiwa kù kí ti ẹlòmíràn lè tó. Ǹjẹ́ ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí, èwo ni ó jọ nínú ọdún méjèèjì? Kí olúkálukú wo ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, kí ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ìgbà tí fáàrí wọlé

Bí a bá rò pé ayé òde òní ni fáàrí Iléyá ti bẹ̀rẹ̀, a ṣìnà. Abu Ayyub, ará Mọ̀dínà tí Ànábì kọ́kọ́ dé sí ilé rẹ̀, pẹ́ láyé. Nǹkan bí ọdún 52 Hijira ni ó kú ní ẹ̀bá ìlú Kọnsitantinópù, ibi tí à ń pè ní Istanbul lónìí. Nígbà tí ó ti dàgbà, wọ́n bi í léèrè bí wọ́n ti ń pa láyà nígbà ayé Ànábì. Ó dáhùn pé àgbò kan ṣoṣo ni ọkùnrin kan máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀, wọn yóò jẹ, wọn yóò sì fún àwọn ẹlòmíràn jẹ, títí ó fi di pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran ṣe fáàrí. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí Ànábì kú tí bàbá àgbàlagbà yìí ti ń kédàárò ohun tí à ń kédàárò lónìí.

Ìtàn kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo baálé ilé mọ̀. Sàhábé kan, Hudhayfah ọmọ Asid, jẹ́rìí pé òun rí Abubakar àti Umar tí wọn kò pa láyà ní àwọn ìgbà kan, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀ranyàn ni. Abubakar kì í ṣe aláìmọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni Umar kì í ṣe ahun. Olórí ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí olórí bá ṣe ni ọmọ ẹ̀yìn yóò fi tọrùn bọ gbèsè. Súnnà tí ó lágbára ni láyà jẹ́ fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a kò jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kò sì yẹ kí ó jẹ̀bi lójú aládùúgbò. Al-Kùránì Alápọ̀nlé pàápàá, nínú Súrà Al-Hajj, ti là á yé wa pé kì í ṣe ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn wa.

Láti Mali dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn baba wa ń pe ẹ̀sìn yìí ní ẹ̀sìn Ìmàle, ọ̀pọ̀ onítàn sì gbà pé orúkọ ilẹ̀ Mali ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí wọ́n ti ọ̀nà ibẹ̀ wá. Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò ará Mòrókò nì, Ibn Battuta, dé olú-ìlú Mali nígbà ayé Mansa Sulayman. Ó rí bí wọ́n ti ń ṣe ọdún méjèèjì ní ààfin ọba, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ àti ìlù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tí ó yìn jù lára àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni pé aṣọ funfun tí ó mọ́ ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìrun Jímọ̀, àti pé ẹni tí kò ní ju ẹ̀wù gbígbó kan ṣoṣo lọ yóò fọ̀ ọ́ kí ó mọ́, yóò sì wọ̀ ọ́ lọ. Fífọ̀ ni ó yìn, kì í ṣe rírà.

Àwọn tí wọ́n mú ẹ̀sìn náà dé ilẹ̀ Yorùbá mú ọ̀rọ̀ kan wá pẹ̀lú rẹ̀ tí ó ta gbòǹgbò jù. Ọ̀rọ̀ náà ni sàráà, láti inú ṣadaqa ti èdè Lárúbáwá. Ó wọlé débi pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà ń ṣe sàráà. Bí ènìyàn bá lá àlá tí kò dára, wọn a ní kó ṣe sàráà. Bí ọmọ bá bọ́ nínú àìsàn, sàráà ni. Èyí fi hàn pé ọwọ́ ìfúnni ni àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ fi dá wa mọ̀.

Ọdún náà gbilẹ̀ títí tí a fi fún un ní orúkọ tiwa. Iléyá, wọ́n ní ilé ti yá, kí oníkálukú máa lọ bá ẹbí rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ọpẹ́ yẹn ni ó di Ojúde Ọba, tí àwọn régbérégbé ń fi aṣọ olówó iyebíye àti ẹṣin ṣe lóde òní. Àṣà tí ó lẹ́wà ni, àwọn régbérégbé kan sì ń dáwó jọ láti tún ìlú ṣe. Ìyẹn ni a fẹ́ kí ó borí, kí owó tí ó ń lọ sí ìdàgbàsókè ìlú máa pọ̀ ju èyí tí ó ń lọ sí ọrùn àti ọwọ́.

Àwọn àgbà wa ní Èkó fi ọ̀nà hàn wá. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí ó lówó, fi owó rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 1894, tí ọba Túrkì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ ìṣílé náà ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey títí di òní. Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wa ń yí ẹ̀sìn padà nítorí ilé-ìwé, wọ́n sì ń dáwó díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ní ilé-ìwé tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olówó. Bí olúkálukú wọn bá ti fi tirẹ̀ kún owó aṣọ ọdún, ibo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ì bá ti kàwé?

Ohun tí wọ́n ṣe ní Mínà

Ní Mínà, níbi tí àwọn alálááji ti ń pa ẹran, ìṣòro mìíràn ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ òfuurufú ti sọ Háàjì di ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lè ṣe. Ẹran tí wọ́n ń pa láàárín ọjọ́ díẹ̀ pọ̀ ju èyí tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń dáná sun, nígbà tí ebi ń pa Mùsùlùmí ní ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1983, ìjọba Saudi dá ètò kan sílẹ̀ láti lo ẹran náà bí ó ti yẹ, wọ́n sì gbé ìṣàkóso rẹ̀ lé Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù lọ́wọ́. Alálááji yóò san owó ẹran rẹ̀, wọn yóò bá a pa á, wọn yóò fi í sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn aláìní ní Mẹ́kà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà àti Éṣíà.

Kò sí ohun tuntun nínú èyí. Ohun tí Ànábì sọ lẹ́yìn ọdún ebi nì, jíjẹ, títọ́jú àti fífi ṣe sàráà, ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin ará, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra àgbò, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ọmọ má wọ aṣọ ọdún. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́ ni à ń wí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká àgbò, kí ó fi ọkàn balẹ̀, kí ó má tọrùn bọ gbèsè, pàápàá èyí tí èlé wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra mẹ́ta kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé ó dé, kí ó rántí ohun tí Abu Ayyub sọ. Kí ó pa ọ̀kan, kí ó fi owó méjì yòókù san owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn, tàbí kí ó san gbèsè oògùn fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó wà ní ọsibítù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ kọ orúkọ àwọn ìdílé tí kò ní sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kí Rámádáànì tó parí, kí ẹ gba Sàkátùl-Fitiri jọ, kí ẹ sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn ní òru, láìpariwo, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Iléyá, kí ẹ ru ẹran dé ibi tí òórùn ẹran dídín kò ti máa ń jáde. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ ọmọ yín láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fúnni, kì í gbàgbé rẹ̀.

Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìdílé tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn lọ́jọ́ ọdún ni yóò ru gbèsè délé, aládùúgbò rẹ̀ yóò sì ru ebi. Ọdún tí àwọn sàhábé fi lé wa lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fúnni, wọ́n kírun, lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹun, gbogbo ìlú sì jọ yọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọrọ̀ tí a ó fi ṣe rere, kí Ó gba ààwẹ̀ wa, ìrun wa àti sàráà wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ọdún wa di ẹkún fún aládùúgbò wa. Àmín.